Alágbàfọ̀ Tó Fọ Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Wò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò lórí ògiri, ó fò kọjá lórí ìjàpá tó ti na ọrùn pé òun náà ni wọ́n tún fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò bà lé ìjàpá. Orí obìnrin alágbàfọ̀ kan ló bà lé. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ sún mọ́ ibí dáadáa. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jókòó yín. Ẹ̀yin náà ní ìyá, ẹ ó sì fẹ́ ìyàwó lọ́jọ́ kan.

Ilé-ìfọṣọ ńlá kan wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìtura àti ti ilé ìwòsàn. Òrùlé páànù ló ní, ooru ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè se ẹyin jinná láìsí iná. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń yí níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbígbọ̀n wọn a sì máa ti àtẹ́lẹsẹ̀ gun èèyàn dé inú eyín. Ní ìparí ilé náà ni tábìlì gígùn kan wà, ibẹ̀ ni obìnrin tí à ń wí máa ń dúró sí. Gbogbo aṣọ tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde, iwájú rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Yóò na aṣọ náà síta, yóò fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti etí dé etí. Bó bá rí àbàwọ́n tí kò ju orí èèrà lọ, a ká aṣọ náà jọ, a jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn pé, ẹ tún un fọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Atúnfọ̀ nìyẹn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé ìjọba nìkan ló kù sí.

Ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni Alọṣọ, opó kan tó ń lo áyọ́ọ̀nù ńlá tó ń mí bí ẹṣin. Ẹnu obìnrin náà sì gbóná ju áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún tí àwọn méjèèjì ti jọ wà níbẹ̀, èébú ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn láàárọ̀. Alọṣọ a ní lọ́jọ́ tí Atúnfọ̀ bá dé ọ̀run, yóò dá áńgẹ́lì padà lẹ́nu ọ̀nà pé kí ó lọ tún aṣọ funfun rẹ̀ fọ̀ kí ó tó wá bá òun sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí àìsàn kan ti bá Atúnfọ̀ jà. Ojú ara rẹ̀ níwájú ló ti bẹ̀rẹ̀, egbò kékeré kan tó ń yún un tí kò sì jinná. Ojú tì í, ó fi pamọ́ títí ó fi di pé kò lè jókòó dáadáa. Nígbà tí wọ́n wò ó, jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé e kúrò, Ọlọ́run bá a ṣe é, ó yè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni àìsàn náà jẹ níyà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí sáyé, ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nígbà náà. Ó ku oṣù méjì péré kí ó parí. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, ó wá ń fi omi iyọ̀ nu ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ fún odindi ọdún kan. Kí ó tó padà, ọ̀gá rẹ̀ ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi wá ibòmíràn tó ti tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé ńlá, àwọn oníbàárà sì ti ń dúró dè é. Ọmọ náà kò fi í bú ìyá rẹ̀ rí. Àìbú yẹn gan-an ló ń dun Atúnfọ̀. Ó wá búra nínú ọkàn rẹ̀ pé bí irú rẹ̀ bá tún kan ilẹ̀kùn òun, òun nìkan ni yóò ṣí i. Ọmọ òun kò ní gbọ́ ìró.

Ọdọọdún ló ń lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì kan ló máa ń rí níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Lọ́dún tí à ń wí yìí, nọ́ọ̀sì yẹ iwájú wò tán, ó ní kò sí nǹkan. Atúnfọ̀ ti ń wọ bàtà kí nọ́ọ̀sì tó ní kí ó dúró díẹ̀. Ó ní ohun kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún àwọn obìnrin tó ti ní irú àìsàn yẹn rí: wọ́n ń yẹ ihò ìdí wọn wò.

Atúnfọ̀ wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un. Ó ní kòkòrò tó fa ti iwájú, tọkùnrin tobìnrin tó ń gbé e kiri láìmọ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwàkiwà. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ara á lé e lọ. Ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn a jókòó tì, a sì máa ya ilé aládùúgbò. Ẹni tó ti ṣe àìsàn iwájú rí, àti ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù, irú ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún tàbí ẹni tí kòkòrò éèdì ń bẹ lára rẹ̀, ewu tiwọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè wò wọ́n kí nǹkan tó bàjẹ́. Òwú kékeré lórí igi ni wọn yóò fi nu inú ibẹ̀. Kò ní dùn ún, kò sì ní pẹ́ ju kí èèyàn ka oókan dé ọgọ́ta lọ.

Ó wá bi í bóyá ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Atúnfọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ó sì máa ń yún òun díẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni kò ní jẹ̀díjẹ̀dí? Alọṣọ ti ń fún òun ní omi egbò igi kíkorò mu. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, àfi kí èèyàn wọlé lọ wò ó.

Ó dá ọjọ́ fún un, ó sì kìlọ̀ gidigidi. Bó bá ti ku ọjọ́ kan, kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sí ibẹ̀ mọ́, ì báà ṣe oògùn, ì báà ṣe omi. Kí ó wẹ ara rẹ̀ bó ti ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kí ó sì máa bọ̀. Atúnfọ̀ gbọ́. Ẹ má sọ pé kò gbọ́ o. Ó gbọ́ kedere.

Ṣùgbọ́n ìwà kì í jẹ́ kí etí ṣiṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, Atúnfọ̀ dúró nínú balùwẹ̀, ó ń ro ohun tí ojú ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ rí. Ó rántí aṣọ ilé ìwòsàn tó máa ń dé ilé-ìfọṣọ, bí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ń dijú fi ìka méjì mú un. Ṣé kí òun náà wá di ohun tí wọ́n ń fi ìka méjì mú? Ọdún mẹ́tàdínlógún, ohun tó dọ̀tí kò ti ọwọ́ òun jáde rí. Ó ní omi lásán kò lè ba nǹkan jẹ́. Ó mú rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fún ọmọ ọwọ́ lómi sí ìdí, ó po ọṣẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fọ inú ibẹ̀. Ó tún un fọ̀. Ó tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, títí omi fi ń jáde bó ṣe wọlé.

Nígbà tó dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó fi nǹkan kan síbẹ̀ láti àná. Atúnfọ̀ ní rárá. Ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún sókè, ó kọjú sí ògiri. Òwú wọlé, òwú jáde. Kò ka oókan dé ọgbọ̀n tí ó fi parí. Ó lọ sílé pẹ̀lú ọkàn ẹni tó ti kógbá iṣẹ́ sílé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, fóònù rẹ̀ ké nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ ń yí. Ó sáré wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ tó ti gbẹ sí, ó ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní kí Atúnfọ̀ padà wá ní Ọjọ́bọ̀, àwọn yóò tún àyẹ̀wò náà ṣe.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹ wá ná, mà. Bí ẹ bá dé, a ó sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó ti padà dé ni?"

Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé sọ lórí fóònù, kí ó fara balẹ̀. Fóònù kú. Atúnfọ̀ dúró láàárín òkìtì aṣọ funfun tó ga jù ú lọ, kò sì rántí ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ekòló a máa lé e sá. Òun kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ekòló ni tàbí ejò ni eléyìí. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ó ń jẹun, kò mọ ohun tó jẹ. Gbogbo ìgbà tí ìdí bá yún un, a dà bí ẹni pé wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ wá kí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé aṣọ kan tó ń rán wá láti fi hàn án, ó ń rẹ́rìn-ín. Atúnfọ̀ yìn ín. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Bí ọmọ náà ti jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ ó sì fi aṣọ ìnura di ẹnu kí alábàágbé má bàa gbọ́.

Ní Ọjọ́rú, Alọṣọ ju aṣọ ibùsùn kan sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ wà láàárín rẹ̀, ó tó ojú ọwọ́. Atúnfọ̀ ti jẹ́ kí ó kọjá. Alọṣọ sì ti gbé áyọ́ọ̀nù lé e kí ó tó rí i; ooru ti so ó mọ́ aṣọ.

"Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí," Alọṣọ wí. "Ìwọ tí o máa ń rí ẹ̀ṣẹ̀ lára ìkókó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ta ló fẹ́ kú?"

Atúnfọ̀ ká aṣọ náà jọ. Alọṣọ wò ó títí, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà, ó jókòó, ó fi ọwọ́ lé fáìlì. Atúnfọ̀ ti mú ojú le bí ẹni tó fẹ́ gba ìgbátí.

"Mà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fọ inú ibẹ̀ kí ẹ tó wá nígbà yẹn?"

Ìyẹn kọ́ ni ìgbátí tó ń retí. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní òun fi ọṣẹ sí i.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un pé òwú tí àwọn gbé lọ, kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Àwọn nǹkan tín-tìn-tín tó máa ń ṣí lára ẹran ibẹ̀, tí wọ́n ń gbé sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá láti mọ bóyá ó ti ń yí padà, ó ti fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Kì í ṣe pé ó dára, kì í ṣe pé kò dára. Wọn kò mọ ìkankan.

Ó wá yé Atúnfọ̀. Àìmọye ìgbà ni òun fúnra rẹ̀ ti bú àwọn tó ń gbé aṣọ wá, tí wọ́n á ti fi ọṣẹ ilé ha àbàwọ́n títí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ̀ mọ́ bóyá epo ni tàbí yíǹkì. Ó máa ń sọ fún wọn pé, ẹ gbé e wá bó ṣe wà, ohun tí mo bá rí ni mo lè bá jà. Òun alára wá jókòó sí àyè wọn.

Ó bẹ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀, kí ó dùbúlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò fọ nǹkan kan, ẹ̀rù ọjọ́ mẹ́ta kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó ráyè. Òwú wọlé, wọ́n yí i dáadáa, òwú jáde. Nọ́ọ̀sì tún fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ inú ibẹ̀ wò, ó ní òun kò kan kókó kankan. Ìyẹn dára, ó ní, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Kí ó máa retí.

Ìretí náà tún gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ, ìdúró a máa pa èèyàn ju ìdájọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ inú fóònù. Atúnfọ̀ kò mọ̀wé kà, ọmọ rẹ̀ ló máa ń bá a ka gbogbo iṣẹ́ orí fóònù. Ní ọjọ́ náà, ọmọ yẹn ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà bọ̀, ó yà, ó mú fóònù lórí tábìlì bó ti máa ń ṣe, ó kà á sókè láìronú: wọ́n rí ohun tó yí padà nínú àyẹ̀wò, kí ìyá wá sọ́dọ̀ dókítà tó ń fi awò wo ihò ìdí, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́wàá.

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀.

"Àyẹ̀wò wo?"

Atúnfọ̀ ní kì í ṣe nǹkan. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni.

"Màámi, ẹ wo ojú mi. Láti ìgbà wo?"

Ó sọ fún un. Ó ti ń lọ bí oṣù méjì. Ọmọ náà jókòó, aṣọ tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà ṣì wà ní apá rẹ̀.

"Ẹ fi pamọ́ fún mi. Bí ẹ ṣe fi ti ìjọ́sí pamọ́ nìyẹn, tó fi di odindi ọdún kan. Ká ní ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré, bóyá ọ̀sẹ̀ kan ni à bá fi ṣe é."

"Mi ò fẹ́ kí o tún pa iṣẹ́ rẹ tì nítorí mi."

"Àìsàn kọ́ ló gba iṣẹ́ mi nígbà yẹn, Màámi. Àṣírí ni."

Ọ̀rọ̀ náà bà á bí òkò. Ọmọ náà kò tíì sọ irú rẹ̀ rí, ó sì dà bí ẹni pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ba òun náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá òun má bínú. Atúnfọ̀ ní kí ó dìde, pé ta ló fẹ́ bínú sí òótọ́. Bó ti dìde, ọmọ náà ní aago mẹ́sàn-án ni òun yóò wá mú un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò bi í bóyá ó fẹ́.

Yàrá tí wọ́n ti ń fi awò wo èèyàn náà tutù, ó mọ́lẹ̀ gbòò. Dókítà jẹ́ obìnrin tó ti hewú díẹ̀, tó máa ń kùn orin sínú imú. Ó ní kí Atúnfọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ jókòó síbi orí. Ó fi páìpù kékeré kan tó kúrú ju ìka lọ sínú ibẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ fi òwú tí òun rẹ sínú fínígà, ìyẹn omi kíkan, síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi tó bá ti yí padà, fínígà yóò sọ ọ́ di funfun. Òórùn náà dé imú Atúnfọ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Òun ló ń dà sí aṣọ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi iṣẹ́. Kò mọ̀ pé ó lè máa tú àṣírí èèyàn náà.

Àwòrán kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, bíi tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi inú ibẹ̀ hàn. Òun kò lè rí i. Ọmọ rẹ̀ ń rí i. Nítorí náà ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Dókítà ń kùn orin, ọwọ́ ọmọ náà sì wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Orin ń lọ. Ojú ọmọ náà kò yí padà. Lójijì orin dúró. Ìka ọmọ náà fún mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì yára wo ilẹ̀.

"Kí lo rí?" Atúnfọ̀ bi í.

"Ibì kan funfun, Màámi."

Dókítà ní òótọ́ ni. Ó ní ibì kan wà, ó kéré, òun kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun yóò gún abẹ́rẹ́ kí ó má bàa dùn ún, òun yóò sì bu díẹ̀ níbẹ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́rẹ́ náà ta á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bù ú, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó béèrè bóyá jẹjẹrẹ ni, dókítà kò purọ́ fún un. Ó ní ojú òun kò lè sọ ìyẹn, ẹran tí òun bù ló máa sọ. Ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, Atúnfọ̀ kò fi nǹkan pamọ́ mọ́. Ó sọ fún Alọṣọ níbi tábìlì, ohùn rẹ̀ jẹ́ kí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́. Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ní gbogbo omi egbò tí òun ti ń fún un mu, ṣé kò wá ṣe nǹkan kan? Atúnfọ̀ ní ó ṣe é; ó jẹ́ kí òun máa tọ̀ dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Alọṣọ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní tí ọjọ́ tí Atúnfọ̀ yóò lọ gbọ́ èsì bá pé, ẹnikẹ́ni tó bá dúró sí àyè rẹ̀ níwájú tábìlì yẹn, òun yóò fi áyọ́ọ̀nù lé e. Ọmọbìnrin kan tó ń kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, rìn wá bá Atúnfọ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ aṣọ ilé. Ó rọra béèrè ibi tí nọ́ọ̀sì náà wà. Atúnfọ̀ kò bi í ní ìdí. Ó júwe ọ̀nà fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ọjọ́ kẹwàá pé, àwọn méjèèjì jókòó níwájú dókítà, ìyá lọ́tùn-ún, ọmọ lósì. Dókítà ṣí ìwé.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ, mà."

Ọmọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. Atúnfọ̀ kò mí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

"Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ló dojú kọ. Ó ń wọ aṣọ lọ́wọ́ ni, kò tíì jáde nílé. Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló ń jáde o. A kì í kàn jókòó wò ó bóyá yóò jáde ni."

Ó ní àwọn yóò fi ohun èlò gbígbóná kan jó ibẹ̀ dànù. Àwọn yóò sì tún máa wò ó ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, nítorí kòkòrò náà ṣì lè wà nínú ara, ibòmíràn sì lè tún funfun. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ó ní. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Atúnfọ̀ bi í pé ká ní òun kò wá ńkọ́. Dókítà pa ìwé dé. Ó ní irú ìbéèrè yẹn, òun kì í dáhùn rẹ̀ lójú ẹni tó ti wá.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Atúnfọ̀ jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìgbà yẹn ló wá mí.

Wọ́n jó o ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kò jù bí ìdajì wákàtí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ náà tán lára rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó jókòó lé ẹyín iná. Ikùn ló fi dùbúlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì. Ó gbé omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá sínú bàsíà ńlá, ó ní kí ìyá òun jókòó sínú rẹ̀. Atúnfọ̀ fẹ́ kọ̀, ó ní òun lè ṣe é fúnra òun. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó.

Ọjọ́ méjì péré ni ọmọ náà fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ó ń wọ bàtà láti padà síbi iṣẹ́, Atúnfọ̀ gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà kan lórí fóònù pé kí ó má bínú, ìyá òun kò yá, ṣùgbọ́n ó ti ń yá báyìí. Kò sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́. Kò jáde lọ síta kí ó tó sọ ọ́. Atúnfọ̀ fi ikùn dùbúlẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì sùn lọ.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, awò rí ibẹ̀, kò funfun. Nígbà tí oṣù mẹ́fà mìíràn bá pé, yóò tún lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Kò tán. Ó ń lọ ni, òun náà sì ń bá a lọ.

Àlọ́ mi ti rin ìrìn tirẹ̀, ó ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yá, ẹ ká ẹní. Ìwọ tó ń díbọ́n pé o ti sùn láti ìgbà tí mo dárúkọ ìdí, mo rí ọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó wá bi mí níbi tí gbogbo wa yóò ti gbọ́. Ẹ lọ sùn.